Oògùn Kan Nínú Páálí Mẹ́ta ní Kùmásí

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin ará ilé ń bi mí: "Báwo ni Kùmásí ṣe rí?" Mo ń dáhùn pé ó dára, ẹ sì ń bá tiyín lọ. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbàkigbà tí mo bá sọ ọ́, ó máa ń dà bí ẹni pé mo gbé oúnjẹ tí kò jinná síwájú àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ń ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí nǹkan tó dé, ó sì tún máa ń bà mí lẹ́yìn tí nǹkan náà bá ti kọjá.

Ohun méjì pàtàkì ni mo gbé kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èkíní wà nínú kọ̀ǹpútà mi: àwòrán mólékù parasítámọ́ọ̀ tí mo yà lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì. Mólékù ni ẹyọ tó kéré jù lọ nínú oògùn náà, ojú lásán kò lè rí i. Àwòrán tèmi kì í ṣe pẹlẹbẹ bí ti inú ìwé. O lè fi ìka yí i, kí o wo abẹ́ rẹ̀, kí o wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń wo ọsàn yíká kó tó rà á. Òrùka onígun mẹ́fà wà láàárín, bọ́ọ̀lù dúdú ni wọ́n fi so ó. Bọ́ọ̀lù pupa kan wà ní orí rẹ̀. Búlúù kan àti pupa mìíràn wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn funfun kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Kùmásí rí i lórí ayélujára, wọ́n ní kí n wá fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. N kò tíì ríṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, nítorí náà n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì ni ẹrù tí bàbá mi dì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: gààrí, irú, àti parasítámọ́ọ̀ nínú páálí funfun.

"Sọ fún un pé èmi ni mo rà á," ni bàbá mi wí. "Orúnkún rẹ̀ kì í gbọ́ ti oògùn míì bíi ti ilé."

Kùmásí ni wọ́n bí bàbá mi. Nígbà tí ìjọba Gánà ìgbà náà ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé máa lọ, bàbá àgbà kó ẹbí rẹ̀ bọ̀ wá sílé, bàbá mi sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ. Kò bá wọn bọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Kùmásí ló ń bá bàbá mi gbé nǹkan lọ fún un.

*Obìnrin tí wọn kò mọ̀*

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹnubodè dá yín dúró. Gbogbo ohun tí mo rántí níbẹ̀ ni pé bí a bá ti kọjá ẹnubodè kan, ohùn mi á tún kéré sí i, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo fi dé Kùmásí, díẹ̀ ló kù kí n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Àdúgbò Aboabo ni wọ́n júwe fún mi. Ilé fara ti ilé níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, Haúsá ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Mo lọ bá obìnrin kan tó ń ta wáákyé, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, mo ní Àbẹ̀kẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń wá.

"Àbẹ̀kẹ́? Daabi," ni ó wí. Bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá" ní Twi nìyẹn, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbègbè yìí."

Bàbá arúgbó kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró. "Ìyá Yorùbá tí orúnkún ń dùn? Hajia Sekina nìyẹn."

"Maame Akua ni ẹ ń wí, Bàbá. Èyí tó ń ta abọ́."

"Hajia kì í ta abọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń tà á."

"Ẹ̀yin lẹ wá mọ̀ ọ́n ju èmi tí mò ń bu wáákyé fún un láràárọ̀?"

"O ń bù ú fún un, ṣé ó ń jẹ ẹ́ tán?"

Mo dúró láàárín wọn bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Mo rò pé obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wí, pé bàbá mi sì ti fi àdírẹ́sì tí kò bá ìgbà mu rán mi. Bàbá arúgbó yẹn ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà kan, mo sì rí ìyá àgbà kan lórí àpótí. Iwájú orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Iwájú orí bàbá mi gan-an ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀, Àǹtí Rámátù, obìnrin gíga kan tó ti lé lógójì ọdún, gbé omi wá fún mi. Mo mu ún. Mo na ọwọ́ sí àpò mi láti kó ẹrù jáde, Àǹtí Rámátù dá ọwọ́ mi dúró.

"Kò tíì yá," ló sọ sí mi létí.

Ìyá Kùmásí, bí a ṣe ń pè é nílé, jókòó gbọọrọ. "Àlàáfíà la wà níbí," ni ó wí. "Amaneẹ?"

"Ó ń bi ọ́ léèrè ohun tó gbé ọ wá," ni Àǹtí Rámátù wí.

"Ṣé bàbá mi ti pè wọ́n lórí fóònù?"

"Ó ti pè. Mama ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tìrẹ ni wọn ó ti gbọ́ ọ."

Àṣà ibẹ̀ nìyẹn: àlejò gbọ́dọ̀ mu omi, kó jókòó, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ọ̀nà àti ìdí tó fi wá, bí gbogbo ilé tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti dárúkọ bàbá mi, ẹkún gbọ̀n mí. Kì í ṣe ìbànújẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó dà bí ẹni pé láti ọjọ́ tí mo ti jáde yunifásítì, kò sẹ́ni tó jókòó gbọọrọ bẹ́ẹ̀ láti bi mí ohun tí mo bá wá sáyé.

Ìyá Kùmásí jẹ́ kí n sunkún tán. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni, mà."

"Afia nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bí ní Ẹtì níbí. O ti di ará ibí. Àbúrò mi ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé páálí funfun náà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e lé àyà, ó ṣàdúrà gígùn fún bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó tú u, ó gbé méjì mì lójú mi.

"Kí n tọ́ ọwọ́ àbúrò mi wò," ni ó wí.

*Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kó tó kọ̀*

Èmi àti Ìyá Kùmásí la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Ilé wọn gbà mí dáadáa. Ibi yòówù tí mo bá gbà kọjá, ẹni tó ń jẹun á ní kí n wá bá òun jẹ. Àǹtí Rámátù kọ́ mi pé a kì í jẹ fùfù wọn lẹ́nu, ṣe là ń gbé e mì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn. Mo jẹ ẹ́ lẹ́nu ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì pe àwọn aládùúgbò wá wòran.

"Ẹ wá wo ọmọ Nàìjíríà tó ń rún fùfù bí ẹni rún obì," ni ó wí. "Afia, ṣé ó ní eegun ni?"

Ó tún ní àwa ará Nàìjíríà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. Ó dùn mí, nítorí èmi gan-an rò pé mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Nílé-ìwé, olùkọ́ kan béèrè bóyá màá mu tíì, mo ní, "Rárá, ẹ ṣé." Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹlòmíràn ló wá ṣàlàyé fún mi pé níbẹ̀, bí ènìyàn bá tilẹ̀ fẹ́ kọ nǹkan, á kọ́kọ́ sọ pé "mepaakyẹw", mo bẹ̀ yín, kó tó ní òun kò fẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń ta omi, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn àwòrán mi. Wọ́n ń du ìdí kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè fi ìka yí mólékù náà. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè: "Mepaakyẹw, bí ènìyàn bá mu ún jù ńkọ́?"

Mo yí àwòrán náà padà, mo fi ibi tí bọ́ọ̀lù búlúù wà hàn wọ́n. Mo ní bí oògùn yìí bá wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u ká. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á di májèlé, ẹ̀dọ̀ á sì tún fọ májèlé náà dànù. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, apá ẹ̀dọ̀ kì í ká a mọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́, ẹni náà lè má tètè mọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo padà sí Aboabo pẹ̀lú ayọ̀, mo sì ń rò ó lọ́nà pé bóyá wọn ó gbà mí síṣẹ́.

*Páálí mẹ́ta*

Mo ti ń rí i pé Ìyá Kùmásí kì í jẹun tán. Ó máa ń ti abọ́ sẹ́yìn, á ní inú ń rìn òun. Mo rò pé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó kírun tán, mo wọlé, mo sì bá a níbi tó ti to páálí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀. Funfun, pupa àti búlúù. Ó mú méjì nínú ti funfun, ó gbé e mì. Ó mú méjì nínú ti pupa. Ó mú méjì nínú ti búlúù.

"Kí ni wọ̀nyí, mà?"

Inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè. "Eléyìí ni ti ilé, èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Ó máa ń wọ eegun. Pupa yìí ni ti Gánà, ẹnu ọ̀nà níbí la ti ń rà á, ẹran ara ló ń bá jà. Búlúù yìí, ẹni tó lọ sí Mẹ́kà ló mú un bọ̀ fún mi. Bàráká ni tirẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń mu ún lójúmọ́?"

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bó bá dùn mí jù, mo ń fi ọ̀sán sí i."

Mo mú àwọn páálí náà. Orúkọ gàdàgbà tó wà lórí wọn yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n lábẹ́, ní lẹ́tà tíntìntín, ohun kan náà ni wọ́n kọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oògùn kan náà ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi: ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ọmọ ni mí, àlejò ni mí, oògùn tí bàbá mi rà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wá wo ojú rẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ tó gba fèrèsé wọlé, tí mo rí i pé ẹyin ojú náà ti ń pọ́n rúsúrúsú, àmì àìsàn ẹ̀dọ̀, ìyẹn ló gba ẹ̀rù àkọ́kọ́ kúrò lọ́kàn mi.

"Ẹ má bínú, mà. Oògùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ti ń mu ún jù. Ó lè pa ènìyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Afia, ìwé tí o kà ti pọ̀ jù."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá síwájú rẹ̀, mo ṣí àwòrán náà. Àǹtí Rámátù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti ògiri.

"Èyí ni ohun tó wà nínú ti ilé," ni mo wí, mo sì yí i kó rí gbogbo ara rẹ̀.

"Ó dára. Fi ti Gánà hàn mí."

"Òun náà nìyí, mà."

"Ti Mẹ́kà ńkọ́?"

"Òun náà ni."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. "Ìkan náà ló ń yí."

"Ó ń yí i bí ẹni ń yí ẹran lórí iná," ni Àǹtí Rámátù wí. "Afia, ya méjì tó kù kí o tó wá báni jiyàn."

Ojú tì mí. Àwòrán tí mo fi odindi oṣù ṣe, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ fún, kò ṣiṣẹ́ nítorí pé òótọ́ ló ń sọ. Ìyá Kùmásí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba páálí funfun náà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé o fẹ́ kí n gbà pé ohun tí ọmọ ìyá mi fi rán ọ láti ilé kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà mi?"

Ìgbà yẹn ni oníbàárà kan ké láti ìta pé, "Maame Akua!" Ìyá dáhùn, ó ní kí ó dúró díẹ̀.

"Ta ni wọ́n pè, mà?" ni mo béèrè.

"O kò gbọ́ ni? Èmi ni."

"Ta ni Hajia Sekina?"

"Afia, ṣé eré lò ń bá mi ṣe?"

"Ẹ má bínú, mà. Ta ni Àbẹ̀kẹ́?"

"Àbúrò mi nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

"Bí wọ́n bá bu fùfù fún Maame Akua, tó jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n tún bu òmíràn fún Hajia Sekina, tí wọ́n tún wá bu òmíràn fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, inú ta ni yóò bẹ́?"

Ìyá na ìka kan, ó fi kan bọ́ọ̀lù pupa tó wà lórí àwòrán náà, ó sì yọ ọwọ́ kíá bí ẹni tí iná jó.

"Ẹ̀dọ̀ mélòó ni ènìyàn ní?"

"Ẹyọ kan ni, mà."

Àǹtí Rámátù kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wò ó. "Subhanallah," ni ó wí. Ó dìde lọ wá ọkọ̀.

*Ní Bantama*

Ọsibítù ńlá kan wà ní apá Bantama, ibẹ̀ la gbé e lọ. Nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń dúró, àwọn tí a kò mọ̀ rí ń kọjá, wọ́n ń wo Ìyá, wọ́n ń sọ pé, "Due, due." Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wí. Obìnrin kan ṣí àga sílẹ̀ fún mi, ó rò pé èmi gan-an ni aláìsàn. Bóyá bí ojú mi ṣe rí nìyẹn.

Dókítà náà kéré, bóyá kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Àǹtí Rámátù to páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì rẹ̀, kò sì sí àlàyé tí mo tún ní láti ṣe. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Ìyá, wọ́n dá a dúró, wọ́n fa omi oògùn sí i lára. Nígbà tí wọ́n fi wá jẹ́ kó máa bọ̀ nílé, dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti fara pa, ṣùgbọ́n ó ṣì lè sàn. Kò gbọdọ̀ gbé ẹyọ parasítámọ́ọ̀ kan mì títí wọn yóò fi tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Mo ti ń retí pé wọn ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò rò ó pé oògùn tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan fún un.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìrora orúnkún náà sì dé. Àǹtí Rámátù wà lọ́jà. Èmi àti Ìyá nìkan la wà nílé, àpò tí mo kó àwọn páálí náà pamọ́ sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pariwo. Ó kàn ń mí sókè sódò, ó ń fi ọwọ́ di etí ibùsùn mú.

"Afia," ni ó wí, "fún mi ní ẹyọ kan. Ti ilé nìkan. Mo bẹ̀ ọ́."

N kò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà bẹ̀ mí rí. Bí ẹ̀yin ará ilé bá rò pé ó rọrùn láti kọ̀, ẹ kò tíì dé ibẹ̀. Mo mọ gbogbo bọ́ọ̀lù tó wà nínú mólékù yẹn, mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan lára àwòrán mi tí mo ti ya ìrora tó ń pa. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mepaakyẹw, mà," ni mo wí. "Rárá."

Ó yí ojú sí ògiri. "Ìkà ni ọ́, ìwọ ọmọ yìí."

Mo gbé omi gbígbóná wá, mo rẹ aṣọ sínú rẹ̀, mo fún un, mo gbé e lé orúnkún náà. Bó bá tutù, mo tún rẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá rẹ wà lẹ́yìn ìyá wa. Ó ń na ọwọ́ sí mi, ó rò pé màá bá wọn wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ọwọ́ kàn nílé tó dé ọwọ́ mi, n kì í jẹ́ kó ṣòfò."

Mo ń rẹ aṣọ.

*Ilé*

Kí n tó kúrò ní Kùmásí, wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Wọ́n fún un ní ohun tí yóò máa fi pa orúnkún, wọ́n ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ní kò tíì gbọdọ̀ fi ẹnu kan oògùn yẹn. Ilé-ìwé náà ní àwọn yóò pè mí; wọn kò tíì pè. Ìyá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá yóò ṣe ohun tí dókítà wí. N kò sì lè bi í. Ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta ti pupa kò jìnnà sí tirẹ̀, àwọn tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ kì í tán ní Aboabo, èmi sì ti ń lọ.

Ìyẹn ni mo gbé bọ̀ wá sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn pé "ó dára" tí ojú mi kì í sì í bá ẹnu mi lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lójú inú mi tó ń to páálí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, fóònù bàbá mi dún. Ó gbé e fún mi, ó ní èmi ni ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo kí i. Kò dáhùn sí ìkíni mi.

"Afia," ni ó wí, "orúnkún yìí ń dùn mí o."

"Ṣé ó dùn gan-an ni, mà?"

"Paa, gan-an ni. N kò sùn. Rámátù ló ń rẹ aṣọ láti ìdájí. Aṣọ yẹn nìkan ni oògùn mi."

Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Mo ń sọ ọ́ léraléra, pẹ̀lẹ́, mà, ẹ pẹ̀lẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Bàbá mi dìde lórí àga, ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé nǹkan ti ṣe ẹ̀gbọ́n òun ni. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Ó ń dùn wọ́n, Dádì," ni mo wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ó ṣì ń dùn wọ́n."